Pọ́ǹpù epo SU lára MGB 1966: títú u, títún un ṣe, àti dídá a padà sábẹ́ ọkọ̀

Ẹ̀sùn tó gbé ọkọ̀ yìí (MGB, ọkọ̀ kékeré ayára tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) wá kò ṣàjèjì. Á sáré dáadáa fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ni ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í gé bíi pé epo ti tán, á sì kú sójú títì. Bí wọ́n bá fi igi òòlù kan pọ́ǹpù jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ ọkọ̀, á tún jí. Ọjọ́ tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ra pọ́ǹpù tuntun. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù SU (SU ni orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é) máa ń fi ohùn ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ń dùn ún, ẹni tó bá fetí sí i kò ní tú ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹni tó ti tún Peugeot 504 tàbí Volkswagen Ìjàpá ṣe rí mọ pọ́ǹpù tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń tì. Ti MGB yàtọ̀. Iná bátìrì ló ń lò, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì wà, lábẹ́, lápá ọ̀tún, níwájú áásù ẹ̀yìn, nítòsí ibi tí bátìrì jókòó sí. Ibẹ̀ ni omi, ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń da sójú títì nígbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí i.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Bí iná bá wọ kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tí wọ́n ká jọ, á di mágínẹ́ẹ̀tì, á fa àmẹ́ṣọ̀, ìyẹn irin róbótó tó so mọ́ àárín dáyáfíràmù, awọ pẹlẹbẹ tó ń lọ tó ń bọ̀. Dáyáfíràmù á tẹ̀ lé e, epo á sì wọlé láti táǹkì. Bí àmẹ́ṣọ̀ bá ti dé òpin ìrìn rẹ̀, ọ̀pá tó ti àárín rẹ̀ jáde á ti rọ́kà, apá kékeré tó ń ṣí ọ̀nà iná tó sì ń tì í; rọ́kà á yí lójijì, kọ́ńtáàkì (ibi tí irin méjì ti ń pàdé kí iná lè kọjá) á ṣí, iná á já. Sípíríǹgì á wá ti dáyáfíràmù padà, epo á jáde lọ sí kábúrétọ̀. Yíyí rọ́kà yẹn ni “kọ, kọ, kọ” tí à ń gbọ́. Nígbà tí kábúrétọ̀ bá kún, abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ á tì, dáyáfíràmù kò ní rí ibi lọ mọ́, kọ́ńtáàkì á wà ní ṣíṣí, pọ́ǹpù á sì dákẹ́ láìjẹ iná rárá. Sípíríǹgì yẹn ló ń sọ bí epo ṣe máa lágbára tó: 2.7 sí 3.8 psi (ìwọ̀n agbára tí epo fi ń tì) ni ti irú èyí, ó sì yẹ kó lè gbé 15 gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 68. Ẹ má ṣe nà án, ẹ má sì gé e.

Ọjọ́ kìn-ín-ní: gbígbọ́ àti wíwọ̀n

A yí kọ́kọ́rọ́ láìta ẹ́ńjìnnì, a sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ búùtù. Pọ́ǹpù tára rẹ̀ le á sáré fúngbà díẹ̀ bó ṣe ń kún kábúrétọ̀, á falẹ̀, á dákẹ́. Bó bá ń sáré ṣáá tí epo kò dé, afẹ́fẹ́ ló ń fà: họ́ọ̀sì tó ti sán, kílíìpù tó dẹ̀, tàbí fáàfù tí ìdọ̀tí há sí lẹ́nu. Ẹ tú họ́ọ̀sì ìjáde sínú ìgò, kí ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ bọ inú epo. Bí ó bá ń hó wùkùwùkù láìdáwọ́ dúró, ẹjọ́ afẹ́fẹ́ ni. Bí ìlù rẹ̀ bá wúwo tó sì falẹ̀, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ọ̀nà ìwọlé ló dí. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ìdérí táǹkì; bí ìlù bá yá lójú ẹsẹ̀, ihò atẹ́gùn ìdérí ni ẹlẹ́bi. Bí ó bá ń sọ “kọ” kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, epo ń sá lọ níbì kan. Ẹ fún họ́ọ̀sì ìjáde pọ̀: bí ó bá dákẹ́, abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ló ń jò; bí kò bá dákẹ́, fáàfù ìwọlé ni kò tì, epo ń padà sí táǹkì.

Èyí tí kò fọhùn rárá, àmọ́ tó jí nígbà tí a kàn án, kọ́ńtáàkì ló dọ̀tí tàbí tó jó. Ti ọkọ̀ yìí nìyẹn. Síbẹ̀ iná tí kò dé dáadáa lè fa irú àìsàn kan náà, nítorí náà a wọ̀n ọ́n.

Wáyà funfun ló ń gbé iná wá sí pọ́ǹpù láti ojú kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ti ẹ́ẹ̀tì, èyí tó kan ara ọkọ̀. Mítà nìkan lè tan ni jẹ níbí. Wáyà tó ti jẹra tó ku fọ́nrán kan ṣoṣo á ṣì fi 12 V han mítà, torí mítà kì í gba iná tó nǹkan. Gílóòbù bíréèkì 21 W ni a so mọ́ ẹnu wáyà funfun, a sì wọn iná nígbà tí gílóòbù ń tàn. Bátìrì ní 12.5 V, ẹnu pọ́ǹpù ní 10.3 V. A tọ wáyà náà lọ sí búùtù, a bá ìsopọ̀ onírìísí orí ọta ìbọn tó ti hu ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé nínú rọ́bà rẹ̀. A pààrọ̀ rẹ̀, a ha ibi tí ẹ́ẹ̀tì ti kan ara ọkọ̀ títí irin fi dán, a wọ̀n ọ́n padà: 12.1 V. Pọ́ǹpù yìí ṣì gbọ́dọ̀ lè lu ní 9.5 V bí epo rẹ̀ tilẹ̀ dín kù, nítorí náà iná nìkan kọ́ ló pa á, ó kàn bá wọn dá sí i ni.

Títú u kúrò

Pósítíìfù ló so mọ́ ara ọkọ̀ yìí. MGB kò yí sí nẹ́gétíìfù títí di apá ìparí 1967, ẹ má sì fi ọdún ọkọ̀ nìkan ṣèdájọ́, torí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti yí padà lẹ́yìn náà. Ẹ wo bátìrì fúnra rẹ̀. Méjì oní-6 V ló wà lẹ́yìn ìjókòó, wọ́n so wọ́n tẹ̀ léra wọn. Wáyà tó kan ara ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ tú.

Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ lé irin ìdúró, ẹ má dùbúlẹ̀ sábẹ́ jáàkì. Iná kankan kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí, títí kan híítà àti gílóòbù aláìníbòrí. Bí táǹkì bá kún, epo lè máa fa ara rẹ̀ jáde ní kété tí ẹ bá tú họ́ọ̀sì ìwọlé, nítorí náà ẹ fún un pọ̀ ṣáájú, kí ẹ sì gbé agolo sábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya àwòrán họ́ọ̀sì atẹ́gùn kéékèèké tó lọ sínú búùtù kí ẹ tó yọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ń gbàgbé wọn, wọ́n sì ṣe pàtàkì: ẹ̀yìn dáyáfíràmù gbọ́dọ̀ mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí họ́ọ̀sì náà, pọ́ǹpù á máa tiraka bí ẹni tí wọ́n di nímú.

Ọjọ́ kejì: ohun tó wà nínú rẹ̀

A fi ìṣó fa ìlà kan kọjá lórí ìpàdé apá kọ́ìlì àti apá epo, kí wọ́n lè padà bára wọn mu. Sukúrúù mẹ́fà ló dè wọ́n pọ̀, 2 BA ni wọ́n, ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. M5 jọ wọ́n lójú, á tilẹ̀ wọlé fún bíi yíyí méjì, lẹ́yìn náà á fọ́ eyín ihò. Kí àwọn sukúrúù ara rẹ̀ wà nínú abọ́ kan títí iṣẹ́ fi parí.

Ẹ di pọ́ǹpù mú sórí àtẹ tó fẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí dáyáfíràmù kúrò sí apá òsì. Rólà bàbà kéékèèké 11 ló yí àmẹ́ṣọ̀ ká, àwọn ló ń dì í mú sí àárín gbùngbùn, gbogbo wọn ló sì máa já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kà wọ́n. Bí wọ́n bá pé 10, ẹ wá ẹyọ kan tó kù kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Ohun tí a rí: lábẹ́ ìdérí dúdú, kọ́ńtáàkì kan ti gbẹ́ kòtò sínú, èkejì ti hu gọngọ, ìdọ̀tí dúdú sì yí wọn ká. Dáyáfíràmù ti le gan-gan, etí rẹ̀ ti ń ya. Fíltà ìwọlé kún fún ẹ̀tù pupa tó wá láti inú táǹkì tó dógùn-ún. Fáàfù méjèèjì yè. Kọ́ìlì náà yè, bẹ́ẹ̀ ni ara pọ́ǹpù.

Bí kọ́ńtáàkì bá dọ̀tí nìkan nítorí pé ọkọ̀ ti wà nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, a lè fi sáńpépà 400 fọ̀ ọ́ díẹ̀, kí a fa páálí tó mọ́ kọjá láàárín rẹ̀. Àmọ́ kòtò kì í gbọ́ sáńpépà. Ẹni tó bá fi fáìlì ha á á tún padà wá láàárín oṣù díẹ̀. A pààrọ̀ rọ́kà àti abẹ́ kọ́ńtáàkì pa pọ̀, dáyáfíràmù, fíltà, àti gbogbo gáskẹ́ẹ̀tì àti òrùka rọ́bà.

Ìpin irin tó di rọ́kà mú kì í ṣe ìpin lásán. Iléeṣẹ́ ti sun ún kó le. A ti rí pọ́ǹpù tí ẹnì kan fi ìṣó tàbí wáyà rọ́pò rẹ̀. Ó rọ̀ jù, ó jẹ ihò rẹ̀ tóbi, rọ́kà sì ń mì lójú kan títí kọ́ńtáàkì kò fi pàdé dáadáa mọ́.

Ọjọ́ kẹta: títò ó padà

Apá epo la kọ́kọ́ ṣe. A rẹ ara rẹ̀ sínú mẹ́tílétẹ́ẹ̀dì sípírítì, a fi búrọ́ọ̀ṣì fọ gọ́ọ̀mù epo àtijọ́ kúrò. Fáàfù méjèèjì bára wọn dọ́gba lójú, ìdojúkọ wọn ló yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. Nínú kòtò ìjáde: gáskẹ́ẹ̀tì, fáàfù tí ahọ́n rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, ìdérí. Nínú kòtò ìwọlé: gáskẹ́ẹ̀tì, fíltà tí ìkùn rẹ̀ kọjú sísàlẹ̀, gáskẹ́ẹ̀tì mìíràn, fáàfù tí ahọ́n rẹ̀ kọjú sókè, ìdérí. Awo ìdè á wá dé àwọn méjèèjì pẹ̀lú sukúrúù méjì. Kí ẹ tó lọ síwájú, ẹ fi ẹnu dán an wò: ẹnu ìwọlé gbọ́dọ̀ gba fífẹ́ kó sì kọ fífà, ẹnu ìjáde gbọ́dọ̀ gba fífà kó sì kọ fífẹ́.

Ní apá iná, bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra lórí ìdè wáyà ni èyí: wáṣà sípíríǹgì, ojú wáyà kọ́ìlì, wáṣà lẹ́ẹ̀dì, nọ́ọ̀tì olórí ṣóńṣó tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí lẹ́ẹ̀dì. Lẹ́ẹ̀dì yẹn á tẹ̀ wọ inú eyín ìdè, òun ló ń jẹ́ kí iná kọjá láìséwu. Ẹ má lo ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Abẹ́ kọ́ńtáàkì ò tíì gbọ́dọ̀ wọlé nísinsìnyí. Á dí wa lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń ṣètò dáyáfíràmù.

Ìṣètò yìí gan-an ni iṣẹ́. Sípíríǹgì á wọlé pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ sí apá kọ́ìlì. Ẹ wò ó pé wáṣà rọ́bà kékeré wà nínú kòtò àmẹ́ṣọ̀, òun ló ń gba ìkànlù. Ẹ ti ọ̀pá dáyáfíràmù wọ inú kọ́ìlì, ẹ yí i sí apá ọ̀tún wọ inú rọ́kà, ẹ máa yí i títí rọ́kà kò fi ní lè yí mọ́ bí ẹ tilẹ̀ ti àmẹ́ṣọ̀ dé òpin. Ẹ wá ká etí dáyáfíràmù sókè, kí ẹ to rólà 11 náà sí àyè wọn, pẹ̀lú ẹnu rọ́kà sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n má bàa dà sílẹ̀.

Ẹ di pọ́ǹpù mú ní ìbú. Ẹ fi àtàńpàkò ti àárín dáyáfíràmù jẹ́jẹ́, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ yí i sí apá òsì díẹ̀, ẹ tún tì í. Ìgbà mìíràn, kò ní sí ìdáhùn fún yíyí mẹ́ta mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ní àkókò kan, rọ́kà á yí: ẹ ó gbọ́ “kọ” kékeré kan, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtàńpàkò. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ yí i lọ sí ihò sukúrúù tó súnmọ́ jùlọ, ní apá òsì kan náà, kí ihò dáyáfíràmù àti ti ara kọ́ìlì bára mu. Láti ibẹ̀, ẹ ka ihò mẹ́rin sí i. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ni, ìdá méjì nínú mẹ́ta yíyí kan. Ibẹ̀ ni dáyáfíràmù gbọ́dọ̀ wà.

Àtàńpàkò tó bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára jù á tan yín, ẹ ó rò pé ó ti yí nígbà tí kò tíì yí tán. Ihò mẹ́ta dípò mẹ́rin, pọ́ǹpù á máa lu lórí tábìlì, àmọ́ bí dáyáfíràmù bá ti wọ̀ ọ́ lára díẹ̀, rọ́kà kò ní dé òpin mọ́, á dúró pẹ̀lú kọ́ńtáàkì ní pípadé, iná á sì máa jó kọ́ìlì. Ihò márùn-ún, ìrìn dáyáfíràmù á kúrú, epo á dín. Ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù tí wọ́n ní “a tún un ṣe, kò pẹ́ tó fi kú” ni kò ní àìsàn mìíràn ju èyí lọ.

Fífún àwọn sukúrúù mẹ́fà: ní ìkọjú-síra-wọn, díẹ̀díẹ̀. Kò sí gọ́ọ̀mù kankan lójú dáyáfíràmù. Lára irú pọ́ǹpù SU tí wọ́n ń pè ní L, tó wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Morris Minor, ìgbésẹ̀ kan wà sí i: ẹ fi igi ìṣáná há ẹ̀yìn rólà funfun rọ́kà kí kọ́ńtáàkì má lè ṣí, kí ẹ fi iná sí i kí dáyáfíràmù lè nà dé òpin, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fún sukúrúù. Ti MGB yìí kò béèrè ìyẹn.

Abẹ́ kọ́ńtáàkì wá wọlé. Ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn gán-án. Àlàfo tó wà láàárín wọn nígbà tí abẹ́ bá fara ti etí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 0.035 íǹṣì, 0.9 mm, pẹ̀lú 0.005 íǹṣì síwá tàbí sẹ́yìn. Ìka rọ́kà sí ara kọ́ìlì jẹ́ 0.070 íǹṣì, 1.8 mm. Ìka náà ni a fi ń tún un ṣe, ẹ fi póńsì kékeré tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́.

Iná tí ń ta lójú kọ́ńtáàkì ló gbẹ́ kòtò yẹn, nítorí náà ohun tí ń pa á ṣe pàtàkì bíi kọ́ńtáàkì fúnra rẹ̀. Dáyóòdù, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, wà nínú àwọn mìíràn láti iléeṣẹ́, ó sì ń wo ojú iná: bí ẹ bá gbé pọ́ǹpù oní-nẹ́gétíìfù sínú ọkọ̀ oní-pósítíìfù, dáyóòdù á di ọ̀nà àbùjá fún iná, á jó ní kété tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́. A fi TVS, ohun kékeré tó ń gba iná tó bá ru lójijì, irú èyí tó ń ṣiṣẹ́ síhà méjèèjì, sínú eléyìí. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá yí bátìrì padà lọ́la, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Lórí tábìlì, kẹrosíìnì ni a fi dán an wò, a kò lo bẹntiróò, torí kọ́ńtáàkì ń ta iná. Fíúùsì kékeré wà lórí wáyà. Ó fa kẹrosíìnì sókè, ó fi hó díẹ̀, ó sì mọ́. A dí ẹnu ìjáde: ó dákẹ́, kò sì tún lu láàárín ìṣẹ́jú kan. Mítà agbára epo sọ 3.2 psi.

Họ́ọ̀sì, àti bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun

Láti September 2021, E10 ni epo bẹntiróò tí wọ́n ń tà jùlọ ní Bìrìtìkó, ìyẹn èyí tí ẹtánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ lè dé ìdá 10 nínú 100. Ó ń jẹ rọ́bà àtijọ́, họ́ọ̀sì á rọ̀ nínú, á sì máa bó wẹ́wẹ́ wọ inú kábúrétọ̀. Ẹ lo họ́ọ̀sì tí wọ́n kọ R9 sí lára, kí ẹ sì tẹ́jú mọ́ ọn, torí R6 kò tó. Bí ẹ bá rí E5, èyí tí ẹtánọ́ọ̀lù rẹ̀ kò ju ìdá 5 nínú 100 lọ, òun ló dára jù fún ọkọ̀ báyìí.

Bí ara pọ́ǹpù bá ti jẹ tàbí tí kọ́ìlì ti jó, tuntun kò burú. Wọ́n ṣì ń ṣe SU, oníkọ́ńtáàkì àti èyí tí kò ní kọ́ńtáàkì rárá. Nọ́ńbà ti MGB ni AZX 1307. Oní-ẹlẹ́tírọ́níìkì kì í jẹ kọ́ńtáàkì, àmọ́ ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á bóyá pósítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù ló kan ara ọkọ̀ yín. Pọ́ǹpù Facet, ti iléeṣẹ́ mìíràn, pọ́ọ́kú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yan èyí tí agbára rẹ̀ kò ju 3.8 psi lọ tàbí kí ẹ fi ohun tí ń dín agbára kù sí i, torí èyí tó lágbára jù á ti abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ ṣí, epo á sì máa ṣàn lé ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Lójú tiwa, ara SU àtijọ́ tí kọ́ìlì rẹ̀ bá yè tọ́ sí títún ṣe.

Dídá a padà

Ọ̀nà àbáwọlé epo sísàlẹ̀, họ́ọ̀sì atẹ́gùn padà sí búùtù, téèpù yíká ẹnu ìdérí kí omi má wọlé. A fi fíúùsì sí wáyà funfun nítòsí pọ́ǹpù, torí iléeṣẹ́ kò fi sí i, wáyà tó bá kan ara ọkọ̀ lè jó gbogbo ọ̀já wáyà. A fọ táǹkì, a sì fi fíltà kan sáàárín táǹkì àti pọ́ǹpù nítorí ẹ̀tù pupa yẹn. Á di pípààrọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Wáyà bátìrì tó kan ara ọkọ̀ ni a so kẹ́yìn. A yí kọ́kọ́rọ́: ó sáré, ó falẹ̀, ó dákẹ́. A fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, “kọ” ẹyọ kan péré la gbọ́. A ta ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó gbóná fún wákàtí kan gbáko, gílóòbù bíréèkì ṣì ń tàn gbọ̀gbọ̀ lẹ́nu wáyà. Kò sí ibi tó jò. Kílíìpù ìwọlé gba ìdajì yíyí sí i nígbà tí họ́ọ̀sì tuntun ti rọ̀ sójú ẹ̀. A máa tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn 100 máìlì.